View tí Àǹtí wa ṣe fún ọ̀nà Ọ̀fà: báwo ni gbogbo wa ṣe lè máa rí i?

Akọ̀wéPáànù (Ìlọrin) · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ń ta páànù, irin àti sìmẹ́ǹtì. Orí Odoo 16 (ètò kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà) la ti ń kọ ọ́dà. Ìlọrin ni olú ẹ̀ka wa, a ní ọ̀kan ní Ọ̀fà àti ọ̀kan ní Òmù-Àrán.

Àǹtí kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ṣe view kan fúnra rẹ̀, ìyẹn àtòjọ ọ́dà tó ṣà tó sì fi pamọ́, níbi tó ti ń rí gbogbo ọ́dà tí oníbàárà ti fọwọ́ sí ṣùgbọ́n tí a kò tíì gbé lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ló tò ó: Ganmo, Idofian, Àjàṣẹ́-Ìpo. Àjàṣẹ́ yẹn náà ni ọ̀nà ti pín, apá kan lọ sí Ọ̀fà, apá kejì gba Orò lọ sí Òmù-Àrán. Ó fi nọ́ńbà síwájú orúkọ ìlú lórí táàgì kọ̀ọ̀kan kí ó lè máa tò bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ó kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ni, dírẹ́bà á gbà á, ó di ọ̀nà. Kò sí àríyànjiyàn.

Orí àkáǹtì tirẹ̀ nìkan ni view yìí wà. Mo wọlé pẹ̀lú tèmi, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ lọ gba ìsinmi ìbímọ, ọ̀gá sì ní kí gbogbo wa máa rí ohun tó ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń ṣe é?

---

AlfaKọ̀ǹpútà (Ọjà Ọba) · 9:05 àárọ̀

Kò le rárá. Kí Àǹtí ṣí view náà, kó lọ sí Favorites, kó tẹ Save current search, kó fún un lórúkọ, kó wá mú "Share with all users". Ó tán. "Use by default" wà lókè rẹ̀, kó má fọwọ́ kan ìyẹn, nítorí tó bá mú ọ̀kan, èkejì á tú.

Kó ṣe é lónìí o. Oyún kì í bá èèyàn dá ọjọ́.

---

Akọ̀wéPáànù · 11:32 àárọ̀

Alfa, ẹnu yín mà bá a o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá báyìí ni. Ó ti bí lóru àná. Ọkùnrin ni. Tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà, alhamdulillah. Fóònù rẹ̀ wà ní pípa, mi ò sì ní fipá mú un pé kó tan án nítorí páànù.

---

ÌyáÌbejì (Òmù-Àrán) · 11:40 àárọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

---

Ẹ̀gbọ́nSángo · 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú oríire. Àbúrò, ṣé ẹ ò mọ password rẹ̀ ni? Ní ọ́fíìsì wa gbogbo wa la mọ ti ara wa. Wọlé bí ẹni pé òun ni, mú Share, jáde. Ìṣẹ́jú méjì.

---

ÌyáÌbejì · 12:31 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má kọ́ ọmọ yìí ní nǹkan tó máa pa á lára.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ (mi ò ní dárúkọ wọn), mo lọ sin bàbá mi ní Ìgbàjà. Ẹnì kan tí a jọ ń jókòó fi password mi wọlé, ó ní òun "kàn fẹ́ wo nǹkan" ni. Ibi tó ti ń wo nǹkan ló ti yí iye owó kan padà lórí risíìtì oníbàárà. Nígbà tí wọ́n wá tú u wò, orúkọ ta ni kọ̀ǹpútà gbé jáde? Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí bàbá mi. Oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó sílé láìgbowó kí wọ́n tó gbà pé èmi kọ́. Ẹni tó ṣe é kò sọ̀rọ̀ títí dòní.

Látìgbà náà, ọkọ mi gan-an kò mọ password mi.

---

Ẹ̀gbọ́nSángo · 12:38 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Mo gbà. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

---

AlfaKọ̀ǹpútà · 1:50 ọ̀sán

Wọn ò nílò password kankan. Akọ̀wé, ta ni admin (alábòójútó Odoo) yín?

---

Akọ̀wéPáànù · 1:58 ọ̀sán

Èmi náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Ẹni tó gbé Odoo sórí kọ̀ǹpútà fún wa ti lọ, wọ́n ní kí n máa mú u dání.

---

AlfaKọ̀ǹpútà · 2:20 ọ̀sán

Ó dáa, mú kọ̀ǹpútà sún mọ́ ọ.

Wọ Settings, lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tẹ "Activate the developer mode". Má bẹ̀rù orúkọ yẹn, kò ní fọ́ nǹkan kan. Wàá rí i pé Technical ti yọ lókè. Ṣí i, lábẹ́ User Interface wàá rí "User-defined Filters". Gbogbo view tí ẹnikẹ́ni ti fi pamọ́ nínú ilé iṣẹ́ yín ló tò síbẹ̀, tìẹ náà wà ńbẹ̀. Wá ti Àǹtí.

Tó o bá ti ṣí i, wo àyè tí wọ́n kọ User sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí orúkọ bá wà nínú rẹ̀, ti olórúkọ nìkan ni. Bó bá ṣófo, ti gbogbo èèyàn ni. Nítorí náà, kọ́kọ́ ṣe Duplicate (ẹ̀dà rẹ̀) kí tirẹ̀ lè wà bó ṣe wà, yí orúkọ èyí tuntun padà, pa orúkọ Àǹtí rẹ́ nínú User, fi í pamọ́.

Ohun kan ṣoṣo: ó máa hàn sí *gbogbo* ẹni tó lè ṣí ojú ìwé ọ́dà. Odoo 16 bó ṣe wá láti ilé kò ní "fún àwọn ará Ọ̀fà nìkan". Ti ẹnì kan ni tàbí ti gbogbo ayé, kò sí àárín.

---

Akọ̀wéPáànù · 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣiṣẹ́!! Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ọ́dà 31 ni mo rí, bí Àǹtí ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Òmù-Àrán náà rí 31.

Ọmọ tó wà ní Ọ̀fà pè mí pé 4 péré lòun rí. Mo ní kó tún un ṣí. 4. Mo ní kó jáde kó tún wọlé. 4. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ni?

---

ỌmọÌbọ̀lọ́ (Ọ̀fà) · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Íntánẹ́ẹ̀tì Ọ̀fà kò ṣe yín ní nǹkan kan o. Òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ fi sùn.

Lọ wo ojú ìwé ọmọ náà lábẹ́ Users, ní ibi Sales. Ó dá mi lójú pé "User: Own Documents Only" ni wọ́n fún un. Ọ́dà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtajà, àti èyí tí kò ní olùtajà kankan, nìkan ni Odoo máa fi hàn án, bó ti wù kí view yẹn gbòòrò tó. Asẹ́ lẹ yá a, ẹ ò yá a ní èlùbọ́. Èlùbọ́ tó wà ní ilé tirẹ̀ ló fi ń sẹ́.

---

Akọ̀wéPáànù · 5:22 ìrọ̀lẹ́

Own Documents Only ni lóòótọ́! Òmù-Àrán ní "All Documents". Ọmọ Ọ̀fà ni ọkọ̀ máa ń gbé ẹrù fún kó pín in ní apá ibẹ̀. Ṣé kí n kàn yí i sí All Documents?

---

Ẹ̀gbọ́nSángo · 5:25 ìrọ̀lẹ́

Yí i. Ilé kan náà ni gbogbo yín.

---

ÌyáÌbejì · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Má tíì yí i. Bi ọ̀gá rẹ ná. Nínú ọ́dà wọ̀nyẹn nọ́ńbà fóònù oníbàárà wà, àdírẹ́sì wà, iye tí wọ́n rà á wà. Láti 2023 ni òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn báńkì nìkan. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan nọ́ńbà oníbàárà, kí ló ń fi í ṣe?

---

ỌmọÌbọ̀lọ́ · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Ṣé ọmọ yẹn ń gba kọmíṣọ̀n lórí ọjà tó bá tà? Bó bá ń gbà á, ẹ fẹ́ fi gbogbo oníbàárà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hàn án, pẹ̀lú nọ́ńbà àti iye tí a tà fún wọn. Mo ti rí ibi tí ìyẹn ti dá ìjà sílẹ̀. Oníbàárà kan ní Àjàṣẹ́, ẹni méjì ń pè é ní ọjọ́ kan náà, wọ́n ń já owó wálẹ̀ lórí ara wọn, ọjà ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń tà!

Mo mọ̀ pé ó dùn kí gbogbo wa máa rí nǹkan kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń gbé ẹrù, iṣẹ́ méjì ni.

---

Akọ̀wéPáànù · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì 😩

---

AlfaKọ̀ǹpútà · 8:30 alẹ́ (mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Ìṣáì tán ni)

Ṣé Odoo Community lẹ ń lò, àbí èyí tí ẹ ń sanwó fún? Bó bá jẹ́ Community, fífi olùmúlò kún un kò gba kọ́bọ̀. Ṣí àkáǹtì kejì fún un, kí ó máa jẹ́ "Ẹrù Ọ̀fà", kó lè rí gbogbo ọ́dà. Àárọ̀ ni yóò máa ṣí ìyẹn. Tó bá ń tajà, àkáǹtì tirẹ̀ ni kó lò. Nọ́ńbà fóònù á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá á mọ ìgbà tó wọ èwo.

Tàbí kí Ìlọrin máa tẹ pépà náà kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀, bí ayé àtijọ́. Dírẹ́bà kò mọ̀ bóyá Odoo ni tàbí bébà.

---

BàbáNotes (Tánkẹ̀) · 9:15 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí fà mí padà sí Èkó láyé ọjọ́un, nígbà tí a ń lo Lotus Notes, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì fi ń pín lẹ́tà àti àkọsílẹ̀. Ọdún 1989 ni Lotus gbé e jáde. IBM ra ilé iṣẹ́ náà ní 1995, ọwọ́ ilé iṣẹ́ HCL ló wà báyìí.

Lórí Notes, view aládàáni wà, ti gbogbo èèyàn wà, àwọn méjèèjì kò sì jọ ń gbé pọ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní àṣẹ láti ṣe view aládàáni nínú database, inú database náà lórí sáfà ló máa wà. Bí wọn kò bá fún ọ, inú fáìlì desktop tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ ló máa sùn sí, ìwọ ò sì ní mọ ìyàtọ̀, torí ojú kan náà lo fi ń rí i. Ọ̀gá mi kan ní view bí ogún tó ti fi ọdún ṣe. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun fún un, wọ́n fi inú rere pa ti àtijọ́ rẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rí àgbà tó jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀.

Irú kẹta kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "shared, private on first use". Ìwọ tó o jẹ́ ẹlẹ́rọ á ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oníkálukú bá ṣí i, ó di tirẹ̀. Ó dára títí tó o fi rí àṣìṣe nínú rẹ̀. O tún un ṣe, o ní ó tán, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti ṣí i tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí ti àtijọ́. O ní láti máa lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n pa tiwọn rẹ́. Ẹsẹ̀ mi dùn mí ní 1997.

---

ỌmọÌgbómìnà (Abuja) · 9:50 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ní ibi iṣẹ́ wa, Dynamics 365 ni, ètò Microsoft tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà. View aládàáni níbẹ̀ ṣeé pín fún ẹnì kan tàbí fún ẹgbẹ́ kan, o sì lè yàn bóyá kí wọ́n kàn máa wò ó tàbí kí wọ́n lè tún un ṣe. Ọ̀ràn asẹ́ àti èlùbọ́ yẹn kan náà ni o: o kò lè fi view fún èèyàn ní ohun tí ipò rẹ̀ kò jẹ́ kó rí.

Ohun tó máa ń dá wa láàmú ni "Equals current user". Ẹni tó ṣe view náà rò pé òun ló ń tọ́ka sí. Ó pín in fún mi, mo ṣí i, iṣẹ́ tèmi ni mo rí níbẹ̀, tirẹ̀ kò sí.

---

ÌyáÌbejì · 10:05 alẹ́

Lórí Google Sheets tí à ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ níbí, filter view ni, asẹ́ tó ń yan ohun tó máa hàn. Tó o bá ṣí i, wo àdírẹ́sì lókè, wàá rí "fvid" àti nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Da àdírẹ́sì yẹn kọ fún ẹlòmíràn, ibi tó o wà gan-an ni yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í bo nǹkan àṣírí. Ẹni tó bá rí ojú ìwé náà lè tú filter yẹn ká nígbàkigbà tó bá wù ú.

---

Akọ̀wéPáànù · Ọjọ́rú, 9:20 àárọ̀

Mo padà dé. Ọ̀gá gbà kí a ṣí "Ẹrù Ọ̀fà". Ọmọ náà ti ń rí gbogbo rẹ̀ báyìí. Nǹkan méjì ló kù.

Èkíní, ó ní òun kò rí ìlà (column) tí ọjọ́ ìgbẹ́rù wà. Lórí kọ̀ǹpútà mi ó wà níbẹ̀.

Èkejì, ọ̀gá ń yọ̀. Ọ́dà tó kù nílẹ̀ ń dín lójoojúmọ́: 31, 27, 22. Ó ní látìgbà tí gbogbo wa ti ń rí view yìí ni iṣẹ́ ti ń yára. Ṣùgbọ́n àná mo fúnra mi kọ ọ́dà tuntun mẹ́rin, mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn.

---

AlfaKọ̀ǹpútà · 10:00 àárọ̀

Èkíní rọrùn. Ìlà tí èèyàn bá mú jáde tàbí tó fi pamọ́ láti igun ọ̀tún ojú ìwé yẹn, inú bráwúsà orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni ó ń wà. Kì í bá view rìn. Kí ọmọ náà tẹ àmì igun ọ̀tún yẹn kó mú ìlà náà fúnra rẹ̀.

Èkejì ni mo ń bẹ̀rù. Padà sí User-defined Filters, kọ ohun tó wà ní Domain (òfin tí view náà fi ń ṣà ọ́dà) síbí fún wa.

---

Akọ̀wéPáànù · 10:14 àárọ̀

`[("state","=","sale"), ("delivery_status","!=","full"), ("date_order","<","2025-06-16"), ("tag_ids","not in",[9])]`

---

ỌmọÌbọ̀lọ́ · 10:21 àárọ̀

Ó ti yé mi, ẹ sọ fún ọ̀gá kó rọra yọ̀ 😂

Wo ọjọ́ yẹn. Àǹtí ń wá ọ́dà tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tẹ ọjọ́ náà lọ́wọ́. Ó dájú pé àràárọ̀ Ajé ló máa ń yí i padà. Nísinsìnyí kò sẹ́ni tó ń yí i. Ọ́dà tuntun kò lè wọlé, ti àtijọ́ ń jáde bí ẹ ti ń gbé e. Ó ku díẹ̀ kó di òdo, ọ̀gá á wá pe gbogbo yín jẹun.

---

AlfaKọ̀ǹpútà · 10:40 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Yọ ọjọ́ yẹn, fi èyí sí ipò rẹ̀:

`("date_order","<",(context_today() - relativedelta(days=7)).strftime("%Y-%m-%d"))`

Fúnra rẹ̀ ni yóò máa ka ọjọ́ méje sẹ́yìn láti ọjọ́ tí èèyàn bá ṣí i. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ́dà mẹ́rin tó o kọ lánàá á wọlé tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan.

Tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn view tó kù. Mo ti dé ilé iṣẹ́ kan níbi tí view tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn ti tó ọgọ́ta: "test", "test2", "tuntun", "tuntun gan-an". Kò sẹ́ni tó lè pa ọ̀kan rẹ́, nítorí tó o bá fẹ́ pa á, Odoo á kìlọ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa sọnù lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù á sì bà ọ́. Ẹ fi orúkọ ẹni tó ni í síwájú. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ́ mọ ilé ẹni tí ẹ máa kàn.

---

BàbáNotes · 11:05 àárọ̀

Kí ni 9 yẹn, táàgì tí view náà ń yọ sílẹ̀?

---

Akọ̀wéPáànù · 11:30 àárọ̀

Bàbá, mo wá a lọ sí ibi tí táàgì wà. Orúkọ rẹ̀ ni "J". J lásán. Mo bi dírẹ́bà, kò mọ̀. Mo bi ọ̀gá, ó ní bóyá "jáde" ni, pé wọ́n ti gbé e jáde. Ọ́dà mẹ́fà ló ní in, wọn ò sì tíì gbé ìkankan nínú wọn. Mo ti tún ọjọ́ ṣe, 38 ni mo ń rí báyìí. Ṣé kí n yọ J kúrò?

---

Ẹ̀gbọ́nSángo · 11:34 àárọ̀

Mi ò ní gbani nímọ̀ràn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

---

ÌyáÌbejì · 11:41 àárọ̀

Má yọ ohun tí o kò mọ ìdí rẹ̀. Ṣe Duplicate, fi ti J nìkan sí ọ̀tọ̀ kó o lè máa rí wọn. Ìkómọ jáde ku ọjọ́ mélòó? Wàá rí ìyá ọmọ fúnra rẹ níbẹ̀.

---

Akọ̀wéPáànù · Ọjọ́ Àìkú, 7:50 alẹ́

A ti sọ ọmọ lórúkọ lónìí, ẹ bá wa yọ̀. Mo fi ọgbọ́n bi Àǹtí nígbà tó ń gba àwo ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

J ni Jímọ̀. Àwọn oníbàárà mẹ́fà kan wà tí wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Jímọ̀ láti aago méjìlá, ọjọ́ tí ọkọ̀ wa sì máa ń dé apá ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Ìgbà mẹ́ta ni dírẹ́bà ti gbé irin dé ibẹ̀ tó bá ilẹ̀kùn tó tì, tó sì gbé e padà wálé. Ló bá yọ wọ́n kúrò nínú view ti gbogbo ọjọ́, ó ṣe òmíràn fún wọn tó máa ń ṣí ní Ọjọ́bọ̀ nìkan. Òmíràn yẹn wà lórí àkáǹtì rẹ̀. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ nínú User-defined Filters, mo rò pé ìdánwò lásán ni, torí orúkọ tó fún un ni "ọ̀la".

Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn mẹ́fà náà ti ń dúró de irin. Mẹ́ta ti pe ọ̀gá.

Mo ti sọ "ọ̀la" di ti gbogbo èèyàn, mo yí orúkọ rẹ̀ sí "Àǹtí: àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Jímọ̀, ẹ gbé e ní Ọjọ́bọ̀". Ọkọ̀ á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wọn ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ìn ṣáà Allāhu.